Ajàgbé àti Ìkòkò Omi Tútù

Ní ìlú Ìdókò, kò sẹ́ni tí kò mọ Ajàgbé. Àgbẹ̀ ni, iṣu rẹ̀ sì máa ń ta dáadáa, ṣùgbọ́n iṣu kọ́ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, àtòrì ni. Lọ́dọọdún, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, àdúgbò Òkè àti àdúgbò Odò a pàdé ní pápá ìlú, wọn a fi àtòrì na ara wọn kí iṣẹ́ oko tó bẹ̀rẹ̀. Ogun ni wọ́n ń pe eré yìí. Láti ìgbà tí Ajàgbé ti ń hu irùngbọ̀n ló ti jẹ́ olórí ogun Òkè. Àpá ẹ̀yìn rẹ̀ kò lóǹkà, ó sì fẹ́ràn wọn ju iṣu rẹ̀ lọ.

Ogun náà ní ohun tó ń pẹ̀tù sí i. Lábẹ́ igi ọdán létí pápá, wọ́n máa ń gbé ìkòkò omi tútù kan kalẹ̀, ọkùnrin tó dàgbà jù nílùú a sì jókòó tì í lórí àpótí. Bí ó bá ti rí i pé inú ń bí àwọn ọmọ, a fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìkòkò náà, a da omi sáàárín wọn, a ní, "Ó tó." Ẹni tó bá tún gbé ọwọ́ sókè lẹ́yìn omi ti jẹ èèwọ̀. Àmọ́ ẹni tó bá gbé ìkòkò náà lẹ́ẹ̀kan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àtòrì mọ́ láéláé.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, bàbá tó ń da omi kú, ìkòkò sì kan Ajàgbé. Baálẹ̀ ránṣẹ́ pè é.

"Ajàgbé, omi ti dé ọwọ́ rẹ o."

"Baálẹ̀, ẹ forí jì mí. Ẹ gbé e fún ẹlòmíràn."

"Ẹlòmíràn wo? Ta ló tún dàgbà tó ọ?"

"Bí mo bá fi àtòrì sílẹ̀, kí ló wá kù tí wọn yóò fi mọ̀ mí?" Ajàgbé dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rù ló ń ba bàbá náà. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ti jókòó ti ìkòkò omi, ikú ló ń dúró dè.

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Àwẹ̀ró, kò fi bò fún un. Ní àárọ̀ ọjọ́ ogun, bí ó ti ń wò ó tó ń wọ ṣòkòtò, ó ní, "Bàbá Àwẹ̀ró, eékún yín ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò répo, ẹ ní ẹ ń lọ sógun."

"Eékún kọ́ ni mo fi ń na ènìyàn."

"Ẹ rántí pé Odò la fi ọmọ wa fún o. Ọdẹ́kúnlé ọmọ Àwẹ̀ró ti di géńdé, lónìí ni yóò kọ́kọ́ jáde ogun."

Ajàgbé mú àtòrì rẹ̀, ó jáde.

Ogun bẹ̀rẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Ìkòkò omi wà lábẹ́ ọdán, àpótí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo. Bí Ajàgbé bá ti gbé ọwọ́ sókè, àwọn ọ̀dọ́ Odò a rọra ṣubú fún un, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ na arúgbó. Bàbá rò pé agbára òun ni. Bó ṣe kan Ọdẹ́kúnlé nìyẹn. Ọmọ náà sọ àtòrì sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, n kò lè nà yín."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dun Ajàgbé ju àtòrì lọ, ni ó bá na ọmọ náà níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí.

"Ó na ẹni tó dọ̀bálẹ̀!" Àwọn ará Odò figbe ta. Wọ́n ju àtòrì nù, wọ́n ṣa òkúta. Àwọn ará Òkè náà wá kùmọ̀. Eré ti di ìjà. Òkúta kan tí wọ́n sọ sí Ajàgbé ba Ọdẹ́kúnlé lórí bó ti ń dìde, ó sì ṣubú padà. Baálẹ̀ ń pariwo, etí kò gbọ́. Gbogbo àwọn tí ẹ̀rù ń bà wo abẹ́ ọdán, wọn kò rí ẹnì kankan níbẹ̀.

Àwẹ̀ró sáré wọ àárín ìjà, ó dojú bo ọmọ rẹ̀. "Bàbá mi!" ló ń ké. "Bí ẹ̀yin náà bá ń jà, ta ni yóò là wá?"

Ajàgbé sáré lọ sábẹ́ ọdán. Ó na ọwọ́ kan sí ìkòkò, nítorí àtòrì wà ní ọwọ́ kejì. Ìkòkò kò mì. Ó tún fà á, omi díẹ̀ dànù. Ó wá wo àtòrì náà, tí òógùn ọwọ́ rẹ̀ ti sọ di dúdú láti ìgbà èwe. Ó dùn ún. Ó fi í lélẹ̀.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìkòkò, ó wọ àárín òkúta, ó da omi sílẹ̀. "Ó tó! Ẹ̀yin ọmọ mi, lókè lódò, ó tó!"

Òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ajàgbé fi omi tó kù nídìí ìkòkò fọ orí ọmọ ọmọ rẹ̀ títí ó fi lajú. Ó sunkún lójú gbogbo ìlú, kò sì tijú.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ọdún kejì rọ̀, àwọn ọ̀dọ́ Òkè wá bá a lórí àpótí rẹ̀. "Bàbá, ẹ wá fi ọwọ́ yín han àwọn ará Odò, ẹ̀ẹ̀kan péré!" Bàbá rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ẹnu ìkòkò. Èsì tó fún wọn lọ́jọ́ náà ni àwọn àgbà fi ń pòwe títí dòní pé: Bí a bá ń dàgbà, à yé ogun-ún jà.