Bí Dúródọlá Ṣe Sọ Ọ̀nà Àká Ojú Ọ̀run Di Kúkúrú

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó fò kọjá òrùlé Màmá Sàlámì, ó bà lé èjìká Dúródọlá, ọmọbìnrin tó ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀."

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko ṣì jọ ń gbé ìlú kan náà, tí wọ́n jọ ń kí ara wọn "ẹ kú àárọ̀", Òjòlá ló kọ́ àwọn ènìyàn ní èdè tí wọ́n fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀.

"Ìyá àgbà, ṣé òjòlá yẹn kì í gbé ènìyàn mì ni?"

"Ti ìgbà yẹn kì í gbé ènìyàn mì. Ìrì ló ń mu. Jẹ́ n sọ̀rọ̀."

Páítọ̀nì ni wọ́n ń pe èdè náà, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn òyìnbó ṣe ń pe òjòlá. Ẹni tó bá gbọ́ èdè yìí lè kọ iṣẹ́ sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á sì jẹ́ iṣẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Irú iṣẹ́ kíkọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ètò.

Dúródọlá gbọ́ èdè yìí ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Òkè-Àkún ló ń gbé, níbi tí odò ti ń ṣàn bọ̀. Ó kọ ètò kan tó ń tẹ́tí sí odò.

"Odò ń sọ̀rọ̀ ni?"

"Ó ń sọ̀rọ̀. Ariwo yín ló pọ̀ jù."

Tí òjò bá ń rọ̀, tí omi bá ń gun òkúta, ètò náà á wò ó, á wọ̀n ọ́n, á sì ké jáde nínú kọ̀ǹpútà pé, "Ẹ kó ẹrù yín o, odò ń bọ̀!"

Àwẹ̀ró, ẹ̀gbọ́n Dúródọlá, ń gbé ní Ìsàlẹ̀-Ẹrẹ̀, abúlé tó wà nísàlẹ̀ odò pátápátá. Ibẹ̀ ni omi ti máa ń ya wọlé. Dúródọlá fẹ́ kí ètò náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kó sì dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹni tó ń gbé etí omi.

Nígbà náà, àká ńlá kan wà lójú ọ̀run, láàárín ìkùukùu. Ètò tó bá ti wọ ibẹ̀, ẹnikẹ́ni níbikíbi lè nawọ́ sókè kó fà á sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Òjòlá fúnra rẹ̀ ló ká yí àká náà po, tó ń ṣọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà àtigbé ètò débẹ̀ kò rọrùn rárá. Wàá kọ́kọ́ lọ bá Alákàn lábẹ́ àpáta. Òun ló ń di ètò bí ẹni di ẹ̀kọ, bó sì ṣe fẹ́ kí wọ́n ká ewé náà, àfi bẹ́ẹ̀. Wàá gbé ìdì náà gun òkè lọ bá Ọ̀bọ. Òun ló ń dán an wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ó sì lè ní oorun ń kun òun, kí o padà wá. Lẹ́yìn náà, wàá wá kọrin fún Òjòlá kó lè ṣílẹ̀kùn. Ẹ bá mi gbè é:

Òjòlá, ṣílẹ̀kùn fún mi,

*Wẹ́rẹ́-ń-wẹ́.*

Ẹrù ọwọ́ mi kò wúwo,

*Wẹ́rẹ́-ń-wẹ́.*

Àwọn ará odò ń dúró,

*Wẹ́rẹ́-ń-wẹ́.*

Lọ́jọ́ tí Dúródọlá gbé ètò rẹ̀ jáde, òjò ti ṣú. Ó ti dúró lọ́dọ̀ Alákàn títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó. Ó gbójú sókè wo òkè Ọ̀bọ, ó ní, "Kí ni mo tún fẹ́ dán wò? Ṣebí ó ń ṣiṣẹ́ nílé." Kò lọ sọ́dọ̀ Ọ̀bọ mọ́. Ó kọrin, Òjòlá ṣílẹ̀kùn, ètò wọlé.

"Háà!"

"Ẹ̀yin náà ti ń rí i, àbí?"

Ní Ìsàlẹ̀-Ẹrẹ̀, Àwẹ̀ró nawọ́ sókè, ó fa ètò náà sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó gbé kọ̀ǹpútà sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó tì í. Òjò dé. Omi ń kún. Ètò náà dákẹ́ lọ gbári. Apá tó ń wọn òjò lára rẹ̀ ti ṣẹ́ kù sílé Dúródọlá, kò bá ìdì lọ. Omi ya wọ abúlé. Ó gbé ilé, ó gbé ewúrẹ́, ó gbé Bàbá Ṣówándé, arúgbó tó máa ń sun àgbàdo fún àwọn ọmọdé. Wọn kò rí bàbá náà mọ́.

"Ẹ̀yà!"

Nígbà tí omi fà, Dúródọlá sáré lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Orí odó tó dojú dé ló ti bá a.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pẹ̀lẹ́."

"Mo jókòó tì í, Dúródọlá. Mo ń wò ó bí ẹni ń wo ẹnu ènìyàn. Kò sọ nǹkan kan."

Dúródọlá padà sílé, ó pa kọ̀ǹpútà dé. Láti ọjọ́ náà, abẹ́ ọ̀pẹ ló ń jókòó sí. Á máa wo ìkùukùu tó ń kọjá, á sì dà bíi pé ó ń rí Bàbá Ṣówándé láàárín wọn, tó ń rìn jẹ́jẹ́, tó di àgbàdo mọ́wọ́. Bó bá pè é, ìkùukùu á túká.

Ẹ̀gà, ẹyẹ tó ń hun ilé sórí ọ̀pẹ náà, sọ̀ kalẹ̀.

"Dúródọlá, ta ló dán ètò náà wò kó tó lọ?"

"Èmi ni."

"Níbo?"

"Nílé mi."

"Gbogbo ohun tí ètò náà ń lò ló wà nílé rẹ. Báwo ni wàá ṣe mọ̀ pé nǹkan kù nínú ìdì?"

Omijé bọ́ lójú Dúródọlá. "Ó yẹ kí n gun òkè lọ bá Ọ̀bọ."

"Ó yẹ. Ṣùgbọ́n mélòó nínú yín ló ń gùn ún? Mo máa ń wò yín láti orí ọ̀pẹ. Ẹ ó dé ìdajì, ẹ ó padà. Ọ̀nà yẹn gùn jù."

Dúródọlá nu ojú rẹ̀. Ó dìde, ó lọ ṣí kọ̀ǹpútà.

Kì í ṣe ètò odò ló kọ lọ́tẹ̀ yìí. Ètò mìíràn ni, tín-ín-rín báyìí, ó sì sọ ọ́ ní Gbé-e-lọ. Ẹ̀gà jókòó sí èjìká rẹ̀, ó ń fi hàn án bí wọ́n ṣe ń hun ilé tí kò ní nǹkan kan nínú.

Iṣẹ́ Gbé-e-lọ nìyí. Bí o bá ti wí fún un pé, "Gbé e lọ," òun fúnra rẹ̀ á kó apá ètò jọ, á dì í bí Alákàn ṣe ń fẹ́. Á fi ìkùukùu hun yàrá kan tó ṣófo, tí ohunkóhun láti ilé rẹ kò sí níbẹ̀. Á tú ìdì náà nínú yàrá òfìfo yẹn, á dán an wò. Bó bá ṣiṣẹ́, á gbé e lọ sí àká, á bá ọ kọrin. Bí kò bá ṣiṣẹ́, kò ní gbẹ́sẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo?"

"Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo."

Alákàn gbọ́, inú bí i. Ọ̀bọ gbọ́, oorun dá lójú rẹ̀. Wọ́n fẹjọ́ sun Òjòlá, Òjòlá sì ránṣẹ́ pe Dúródọlá.

"Wọ́n ní o fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà."

"Rárá o, ẹ má bínú. Ènìyàn kan kú nítorí pé ó rẹ̀ mí lójú ọ̀nà. Mi ò fẹ́ kó rẹ ẹlòmíràn."

Òjòlá rọra fi ahọ́n yọ apá kékeré kan kúrò lára ètò tó wà lọ́wọ́ Dúródọlá, ó gbé e pamọ́ sábẹ́ ikùn. "Ó dáa. Pè é ká gbọ́."

"Gbé e lọ," Dúródọlá wí.

Gbé-e-lọ wọ yàrá òfìfo, ó jáde. Ó ní, "Mi ò lọ. Nǹkan kù."

Òjòlá rẹ́rìn-ín títí ìkùukùu fi ń mì. "Ọ̀bọ, ṣé ìwọ ì bá rí i?"

Ọ̀bọ họrí. "Bí mo bá jí dáadáa."

"Ẹni tí kì í sùn ti dé. Ẹ jẹ́ kó máa wọlé."

Òjò tún padà dé. Dúródọlá tún ètò odò ṣe, ó fi ohùn àkùkọ kún un, kí ẹni tó wà lóko náà lè gbọ́. Ojú ọ̀run ti dúdú nígbà tó parí.

"Gbé e lọ!"

"Mi ò lọ. Nǹkan kù."

Dúródọlá wo ojú ọ̀run. Àrá ń sán. "Mo ní gbé e lọ! Omi ń bọ̀!"

"Mi ò lọ. Ohùn àkùkọ kò sí nínú ìdì."

Ó fẹ́ já ìdì náà gbà, kó sáré gbé e lọ fúnra rẹ̀. Ẹ̀gà ń wò ó. Dúródọlá mí kanlẹ̀, ó jókòó, ó wá inú kọ̀ǹpútà títí. Ohùn àkùkọ rèé ní kọ̀rọ̀ tó gbé e sí! Ó fi í sínú ìdì.

"Jọ̀ọ́, gbé e lọ."

Kí ó tó pa ẹnu dé, ètò ti wọ àká.

Ní Ìsàlẹ̀-Ẹrẹ̀, lọ́sàn-án gangan, àkùkọ kọ nínú kọ̀ǹpútà Àwẹ̀ró. Ó kọ ní abúlé kejì. Ó kọ ní gbogbo etí omi. Àwọn ènìyàn gbé ọmọ, wọ́n fa ẹran, wọ́n gun òkè. Nígbà tí odò dé, ó ń wọ yàrá dé yàrá jẹ́jẹ́, bí àlejò tí kò bá onílé.

Dúródọlá sáré dé orí òkè náà, òjò ti pa á. Àwẹ̀ró rí i lókèèrè. Kò kí i, kò sunkún. Ó tú ọmọ tó pọ̀n, ó gbé e sẹ́yìn Dúródọlá, ó fi ọ̀já dì í mọ́ ọn gírígírí. Ọmọ náà gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ẹ̀yìn rẹ̀, ó sùn lọ.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, bí o bá ṣe ohun tó dára, má ṣe dán an wò nílé tìrẹ nìkan kí o tó gbé e fún ẹlòmíràn. Bí ọ̀nà ohun tó dára bá sì gùn jù, má bínú sí àwọn tó ń padà lójú ọ̀nà. Bá wọn gé e kúrú."

"A gbọ́, Ìyá àgbà."

"Ibi tí mo bá àlọ́ mi dé rèé. Bí mo bá parọ́ níbẹ̀, kí àtẹ́wọ́ mi má dún."

Pá!

"Ó dún o!"

"Ẹ ká ẹní yín, ó yá."