Ìdí Tí Ẹ̀gà Fi Ń Tú Ilé Tó Fẹnu Ara Rẹ̀ Hun

Nígbà láéláé, kí ọmọ ènìyàn tó mọ ohun tó ń jẹ́ kọ̀ǹpútà rárá, àwọn ẹranko ìlú Etídò ti ní tiwọn. Ẹ̀gà ló kọ́ ọ. Ta ni ì bá tún kọ́ ọ? Nínú gbogbo ẹyẹ tó ń fò lókè, ta ló mọ okùn-ún hun bí Ẹ̀gà?

Láyé ìgbà náà, ohun tí Ẹ̀gà bá ti hun, ó hun ún náà nìyẹn. Kì í tú u. Bí ó bá ti so ìdí okùn tán, á gbọn ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì, á ní, "Ó parí!" Bí ẹnikẹ́ni bá ní ibì kan wọ́, Ẹ̀gà á ní ojú onítọ̀hún ló wọ́.

Nítorí odò ni wọ́n ṣe ní kí ó kọ́ kọ̀ǹpútà náà. Lọ́dọọdún ni odò máa ń kún dé láìsọ fún ẹnì kankan, tí yóò sì gbá ẹyin Ìyá Pépéyẹ lọ. Ìyá Pépéyẹ á sunkún títí ojú rẹ̀ á fi wú. Nígbà tí ó tó gẹ́ẹ́, Baálẹ̀ Ẹfọ̀n ránṣẹ́ pe Ẹ̀gà.

Baálẹ̀ ní, "Ẹ̀gà, wá ẹ̀rọ kan kọ́ fún wa, èyí tí yóò máa wo bí omi ṣe ń ga sí, tí yóò sì sọ ìgbà tí odò máa kún kí ó tó kún."

Ẹ̀gà ní, "Baálẹ̀ wa, ẹ ti rí i gbà."

Ó fi gbogbo ara ṣiṣẹ́ náà. Ó ń hun wáyà bí ẹní ń hun màrìwò. Ó gbé ọpọlọ ẹ̀rọ sí àárín, ó fi fáànù kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó máa fẹ́ ẹ. Òjìjí, ẹja tí í gbọn ọwọ́ apẹja jìgìjìgì, gbà láti máa fún ẹ̀rọ náà ní iná láti inú ìkòkò omi rẹ̀.

Ọmọńlé náà gba iṣẹ́, iṣẹ́ tirẹ̀ sì le. Òun ni yóò dùbúlẹ̀ lórí ọpọlọ ẹ̀rọ, tí yóò máa kígbe bí ó bá ṣe gbóná tó. Ọpọlọ ẹ̀rọ kò fẹ́ ooru. Bí ó bá gbóná kọjá ààlà, ó di kí ó jóná.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ tàn án pé. Gbogbo ìlú péjọ sábẹ́ igi ọdán. Òjò ti ń ṣú dùdù lápá òkè odò, ṣùgbọ́n oòrùn ṣì ń ràn ní Etídò. Ẹ̀gà na àyà síwájú bí ẹni tó fẹ́ jẹ oyè.

Ó ní, "Òjìjí, fún un níná!"

Òjìjí ju ìrù. Fáànù yí fììì. Ojú ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ kedere. Inú ìlú dùn, wọ́n hó yèè!

Ariwo ayọ̀ náà kò tíì rọlẹ̀ tí Ọmọńlé fi ké láti inú ẹ̀rọ pé, "Mẹ́tàdínláàádóje! Mẹ́tàdínláàádóje!"

Gbogbo wọn sún sẹ́yìn.

Ìyá Pépéyẹ ní, "Yéè! Omi tó ń hó lórí iná, ọgọ́rùn-ún péré ni! Ẹ̀rọ yìí máa jó wa mọ́lé!"

Baálẹ̀ Ẹfọ̀n fi pátákò janlẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbé e, ẹ sọ ọ́ sódò kí ó tó ran koríko wa."

Ohun àkọ́kọ́ tó wá sí Ẹ̀gà lẹ́nu ló sọ: "Irọ́ ni Ọmọńlé ń pa!"

Ọmọńlé dáhùn láti inú lọ́hùn-ún, "Èmi? Òpùrọ́? Ó dáa, òdo! Òdo! Ṣé ìyẹn tẹ́ ọ lọ́rùn?" Kò pẹ́, ó tún ké, "Mẹ́tàdínláàádóje!"

Ẹ̀gà ya orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ń rò ó. Ooru kì í fò láti ilẹ̀ dé òkè bí ọ̀pọ̀lọ́. Ńṣe ni ooru máa ń gùn díẹ̀díẹ̀ bí ìgbín. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn báyìí, báwo ló ṣe gbóná ju omi híhó lọ? Ó fò lọ, ó fi àyà kan ara ẹ̀rọ. Ara ẹ̀rọ tutù bí ewé kókò.

Ó ní, "Baálẹ̀, ẹ dákun, ẹ fún mi láyè títí oòrùn yóò fi kan àtàrí."

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

Ẹ̀gà ní, "Mo fẹ́... mo fẹ́ tú u."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ìyá Pépéyẹ pàápàá ní, "Ẹ̀gà, ṣé ìwọ náà ń tú iṣẹ́?"

Ẹ̀gà wò ó. Ó wo inú koríko etí omi níbi tí ìyá náà kó ẹyin sí. Ó ní, "Ìyá, bí odò bá gbé ẹyin yín lọ lọ́dún yìí, tí ẹ̀rọ tí mo kọ́ sì wà nílẹ̀, kí ni n ó máa pe ara mi láwùjọ?"

Baálẹ̀ mi orí. "Ó dáa. Tú u."

Ẹ̀gà ní kí Òjìjí kọ́kọ́ pa iná. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Kókó tí òun fúnra rẹ̀ so, tó fi yangàn, òun náà ló ń fẹnu tú. Ó ń dùn ún. Ṣùgbọ́n kò fà á ya. Wáyà tó bá tú, á tò ó sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bí ó ṣe tẹ̀lé ara rẹ̀.

Ó gbé Ọmọńlé jáde, ó gbé e lé òkúta tí oòrùn ń pa. "Èyí ńkọ́?"

Ọmọńlé ní, "Ogójì."

Ó gbé e lé ara ìkòkò omi. "Èyí ńkọ́?"

"Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n."

Ẹ̀gà fẹsẹ̀ kan òkúta, ó fẹsẹ̀ kan ìkòkò. Òótọ́ ni. Ara Ọmọńlé kò ṣì í. Ẹ̀rọ náà kò sì gbóná. A jẹ́ pé ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni kò dára.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ojú ọpọlọ ẹ̀rọ dáadáa. Ọ̀rá tínrín kan wà lórí rẹ̀, tó mọ́ bí omi. Òun fúnra rẹ̀ ló fi bò ó nígbà tí ó ń kọ́ ọ, kí eruku má baà bà á. Nínú ìkánjú pé kí ìlú wá wo iṣẹ́ òun, ó gbàgbé láti ṣí i kúrò.

Ó béèrè pé, "Ọmọńlé, nígbà tí o wà lórí ọpọlọ yìí, kí ni ara rẹ gbọ́?"

"N ò gbọ́ nǹkan kan."

"Kí ló wá dé tí o fi ń ké mẹ́tàdínláàádóje?"

Ọmọńlé ní, "Òun ni iye tó ga jù tí mo mọ̀. Bí ara mi ò bá gbọ́ nǹkan kan, èyí tó ga jù ni mò ń ké, kí ẹnikẹ́ni má baà jóná nítorí mi. Nígbà tí o wá pè mí ní òpùrọ́, inú bí mi, mo ké èyí tó kéré jù."

Baálẹ̀ Ẹfọ̀n rẹ́rìn-ín títí ìwo rẹ̀ fi ń mì.

Ẹ̀gà lè fi ọ̀rá náà pamọ́ sábẹ́ apá. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbé e sókè kí gbogbo ojú rí i. Ó ní, "Èmi ni mo gbàgbé é síbẹ̀! Ọmọńlé, má bínú sí mi."

Ó ju ọ̀rá nù, ó sì tún ẹ̀rọ náà hun. Híhun tó hun ún lẹ́ẹ̀kejì dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ní kí Ọmọńlé fi àyà lẹ̀ mọ́ ọpọlọ náà tímọ́tímọ́, kí atẹ́gùn kankan má gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Òjìjí ju ìrù. Gbogbo wọn fetí sílẹ̀.

Ọmọńlé ní, "Méjìdínlọ́gbọ̀n." Ó pẹ́ díẹ̀. "Ọgbọ̀n." Ó tún pẹ́ díẹ̀. "Méjìdínlógójì." Ó sì dúró síbẹ̀.

Ẹ̀rọ náà wo omi, ó ronú, ó kọ ọ́ sójú ara rẹ̀ gàdàgbà pé: Odò ń bọ̀ kí oòrùn tó wọ̀.

Ẹ wá wo eré! Tọmọdé tàgbà ló ń ru ẹyin Ìyá Pépéyẹ gun orí òkè. Nígbà tí odò dé pẹ̀lú ariwo rẹ̀, koríko lásán ló bá. Lọ́dún yẹn, àwọn ọmọ pépéyẹ tò lẹ́yìn ìyá wọn gba ojú ọjà kọjá, Ìyá Pépéyẹ sì ń gbé ìdí sọ́tùn-ún sósì bí ayaba.

Baálẹ̀ ní, "Ẹ̀gà, mo ti rí ẹni tó mọ iṣẹ́ ẹ́ ṣe. Ẹni tó láyà láti tú u lójú gbogbo ayé ni n ò rí rí."

Inú Ẹ̀gà dùn débi pé ó dorí kodò lára imọ̀ ọ̀pẹ, ó ń gbọn ìyẹ́, ó ń kígbe pé, "Èmi ni mo hun ún! Èmi ni mo tú u! Èmi náà ni mo tún un hun!"

Láti ọjọ́ náà ni Ọmọńlé ti ń fi àyà lẹ̀ mọ́ ohunkóhun tó bá wà lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà sì ni Ẹ̀gà, bí ó bá hun ilé tí ilé náà kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò fẹnu ara rẹ̀ tú u palẹ̀, yóò sì tún òmíràn hun. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá dé ìdí ọ̀pẹ tí àwọn ẹ̀gà pọ̀ sí, ẹ wolẹ̀, ẹ ó rí koríko tútù tí wọ́n tú dànù. Ẹ wá gbójú sókè, ẹ wo onílé tó dorí kodò tó ń pariwo. Ojú kò tì í o. Ó ń yangàn ni.