Mọ́tò Olóyè tí Sípánà Kò Gbọdọ̀ Kàn
Olóyè Látúndé ló ni ilẹ̀ tí Ìbídùnní ìyàwó mi ti ń ṣe mekáníìkì ní Ìsẹ́yìn, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wá ọ̀nà àtilé e. Lọ́jọ́ kan ó gbé mọ́tò rẹ̀ dé, ó ní, “Ìyá mekáníìkì, éèsì yìí ń rùn, kò sì fẹ́ atẹ́gùn tútù dáadáa mọ́. Kí n tó jẹun tán kó ti dára, ṣùgbọ́n bí sípánà bá kan mọ́tò mi, kẹ́rù ẹ kúrò lórí ilẹ̀ mi lónìí.” Ìbídùnní kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ máa jẹun yín, bàbá.” Ó ṣí píjìnhóòlù, àpótí kékeré tó wà níwájú ìjókòó èrò, ó kó ẹrù inú rẹ̀ sórí àga, ó fi ọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì wọnú, àpótí náà sì já wálẹ̀. Ẹ̀yìn ibẹ̀ ló ti fa fílítà éèsì yọ: eruku ọyẹ́ ọdún mẹ́ta àti ewé gbígbẹ ti dí i pa. Ó mú tuntun láti inú ṣọ́ọ̀bù, ó tì í sí àyè rẹ̀, ó jẹ́ kí ọfà ara rẹ̀ kọjú síbi tí afẹ́fẹ́ ń lọ, ó sì dá píjìnhóòlù padà. Olóyè dé, ó tan éèsì, atẹ́gùn tútù fẹ́ fìlà rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní, “Ta ló kọ́ ẹ?” Ìbídùnní mú ìwé ìtọ́sọ́nà mọ́tò láàárín ẹrù orí àga. “Irú ìwé yìí ni, bàbá. Tiyín ṣì wà nínú ọ̀rá. Ó ní ká máa pààrọ̀ fílítà lọ́dọọdún. Èmi ní ká máa ṣe é tí ọyẹ́ bá ti lọ.” Olóyè wo ìwé, ó wo sípánà tó wà nílẹ̀ láìkúrò, ó ní, “Dúró síbẹ̀ jàre.” Ibẹ̀ ló sì ti ṣiṣẹ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a.