Ìwé Ilẹ̀ Abíọ́nà
Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, Abíọ́nà alágbàfọ̀ gbọ́dọ̀ mú ìwé ilẹ̀ bàbá rẹ̀ wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó kó ẹrù rẹ̀. Lọ́ọ̀dù Pẹ́nfóòdù, àgbà olóṣèlú Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso wa, ló fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe pápá ẹṣin, kò sì sẹ́ni tó ní ìwé ilẹ̀ nílùú wa nígbà náà. Abíọ́nà gbé aṣọ tó fọ̀ lọ bá a ní fàráǹdà, níbi tó ti ń sọ ìtàn ayé rẹ̀ fún akọ̀wé tó tún jẹ́ ògbufọ̀ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ta ló ta ilé ńlá yín tó wà lókè òkun fún yín?" Lọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín. "Tà kẹ̀? Àwọn bàbá ńlá mi ló kọ́ ọ, ibẹ̀ la sin gbogbo wọn sí." "Ìwé rẹ̀ ńkọ́?" "Ìwé wo? Ẹni tí sàréè bàbá rẹ̀ bá wà lórí ilẹ̀ ló nilẹ̀! Ohun tí mo ń sọ nílé aṣòfin nìyẹn, títí wọ́n fi fi mí ṣe mínísítà. Akọ̀wé, kọ ọ́!" "Ọ̀rọ̀ yín mà dùn o! Ẹ jẹ́ kó da ọ̀kan kọ fún mi." Orí Lọ́ọ̀dù wú, ó sì fọwọ́ sí ìwé méjèèjì. Nírọ̀lẹ́, ó bi Abíọ́nà pé, "Ìwé dà?" Abíọ́nà na ẹ̀dà tí Lọ́ọ̀dù ti fọwọ́ sí sí i. "Òun rèé, Ọ̀gá. Inú yàrá mi ni sàréè bàbá mi wà, ẹ wá wò ó." Akọ̀wé kọjú sógiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Lọ́ọ̀dù lọ wá pápá síbòmíràn. Àwa ọmọ Abíọ́nà ṣì ń sá aṣọ lórí ilẹ̀ wa.