Pa á, a ó bá ọ tì í

"Pa á, a ó bá ọ tì í." Kò sí ẹni tí kì í sọ ọ́ nílùú Àgbámú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀, ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá? Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀rín kò ní wá sí yín lẹ́nu.

Ṣógbèsan tó ń ta pákó ní ọkọ̀ pupa kan tó ń dán gbinrin, ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ ti kú. Bó bá pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀, àfi kí àwọn èèyàn tì í kó tó jí. Ojú ń ti Ṣógbèsan nítorí èyí. Lọ́jọ́ ìdána àbúrò rẹ̀, ó wọ agbádá, ó ya ilé epo tó wà ní oríta, ó sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa kùn.

Wúràọlá, ọmọbìnrin tó ń ta epo níbẹ̀, kò tíì na ọwọ́ sí ẹ̀rọ. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ pa ọkọ̀ yín ná."

"Rọ epo fún mi, mo ń kánjú!"

Bàbá Akíndùró, tó gbé kẹ́ẹ̀gì dání lórí ìlà, ti mọ ohun tó ń ba Ṣógbèsan lẹ́rù. Ó ní, "Ṣógbèsan, pa á. A ó bá ọ tì í, gbogbo àwa tí o rí yìí."

"Bàbá, ẹ fi mí sílẹ̀! Èmi kọ́ ni wọn ó máa tì kiri ìgboro bí ọmọlanke." Ó yíjú sí Wúràọlá, ó ní bí kò bá rọ epo, òun yóò ní kí ọ̀gá rẹ̀ lé e lẹ́nu iṣẹ́.

Wúràọlá rọ ọ́. Epo kún, ó dà sílẹ̀, ó ṣàn lọ sábẹ́ ọkọ̀ níbi tí irin ti gbóná. Gbòlà! Iná sọ. Ṣógbèsan já ilẹ̀kùn, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Wúràọlá ni iná mú. Àwọn tó wà lórí ìlà ni wọ́n sáré bu yanrìn, tí wọ́n fi pa iná lára rẹ̀. Kò kú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bó, ìka rẹ̀ kò sì ká mọ́.

Nígbà tí Ṣógbèsan wá bẹ̀bẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá Wúràọlá. Ìyá náà kò ní kó dìde. Ó pariwo mọ́ ọn:

"Wọ́n ní àwọn ó bá ọ tì í! Ọkọ̀ lásánlàsàn! Ìtìjú tìrẹ ni o wá fi ojú ọmọ mi bò?"

Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta.

Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà ti ń sọ ọ́ fún ẹni tó mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe léwu, tí kò sì fẹ́ dáwọ́ dúró kí ayé má baà rí àléébù òun. Ẹ̀gbin kékeré tí ará ìlú lè báni rù ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń sá fún, tí yóò fi ti ọmọ ọlọ́mọ sínú iná. Wọn kì í fi ohùn ẹ̀bẹ̀ sọ ọ́. Bí wọ́n bá sọ ọ́ fún ọ, má ṣàlàyé kankan. Pa á.