Ta Ló Ń Ba Tíì Jọláadé Jẹ́?

Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wá a lọ sí ilé aládùúgbò, ẹ gbọ́ ti Jọláadé.

Jọláadé ń ṣe kọ̀mbúṣà, tíì oníṣúgà tí wọ́n ń fi sínú ìgò kó lè kan. Ìyá Wúràọlá, aládùúgbò rẹ̀, ló kọ́ ọ. Ó ní, “Má jẹ́ kí òróró kàn án o, bíbàjẹ́ ni yóò bàjẹ́.”

Síbẹ̀, gbogbo èyí tí Jọláadé ṣe ló ń bu. Ó pààrọ̀ omi, ó fi omi gbígbóná ṣan ìgò, pàbó ló já sí. Ló bá bọ́ síta, ó pariwo pé ìlara ló ń ṣe Ìyá Wúràọlá, pé ó ń yọ́ wọlé wá ba tíì òun jẹ́. Obìnrin náà sunkún wọlé, ó tilẹ̀kùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Jọláadé sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná kó lè ká olubi náà mọ́ ìdí ìgò. Ta ló wọlé? Ìyá tó bí i lọ́mọ! Màmá ṣí ìgò tíì, wọ́n da òróró àdúrà sí i gbuuru, wọ́n tọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n rò ó pọ̀.

Jọláadé bọ́ síta láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. “Màmá! Ẹ̀yin!”

“Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi. Àràárọ̀ ni mo ń ṣe é. Mò ń bẹ Ọlọ́run kó fi ẹni tó ń bà á jẹ́ hàn wá ni.”

Jọláadé wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ tí òróró ń kán lára rẹ̀, ó wo ilẹ̀kùn Ìyá Wúràọlá. Àdúrà Màmá kúkú ti gbà.