Ẹ̀rọ tó Tan Mopélọ́lá Jẹ ní Ìdí-Àfọ̀n

Nígbà tí ọkọ̀ oníná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, awakọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Mopélọ́lá. Òròmọdìẹ ló máa ń kó fún àwọn àgbẹ̀. Kì í rí ohun kan kó má tú ìdí rẹ̀ wò. Kékeré ló ti tú rédíò bàbá rẹ̀ palẹ̀, kó lè rí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Èbìbí, ó kó igba òròmọdìẹ ọlọ́jọ́ kan, ó forí lé Abúlé-Ọba. Nígbà tó fi máa dé Ìdí-Àfọ̀n, iná ọkọ̀ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kò fòyà. Ibùdó tí wọ́n ti ń ṣáàjì ọkọ̀ wà níbẹ̀, fóònù rẹ̀ sì ti sọ fún un pé ẹ̀rọ ibẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Lóòótọ́, iná aláwọ̀ ewé ń tàn lójú ẹ̀rọ náà lábẹ́ òrùlé. Mopélọ́lá ki okùn rẹ̀ bọ ọkọ̀. Kò sí nǹkan tó wọlé. Ó yọ ọ́, ó tún ki okùn náà bọ̀ ọ́. Òtúbáńtẹ́! Oòrùn ti ń mú, àwọn òròmọdìẹ ti ń yanu. Ó gbé páálí wọn sábẹ́ igi, ó bu omi fún wọn, ó wá fi etí lé ẹ̀rọ náà lára. Kò gbọ́ kíkùn kankan. Ara rẹ̀ tutù bí àdògán tí a kò dáná sí.

Ó yíjú sí Alàgbà Ọ̀jẹ́dòkun, ọlọ́dẹ ibẹ̀. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni ọkọ̀ gbaná níbí kẹ́yìn?”

Bàbá ronú. “Ọmọ mi, láti ìgbà tí ìjì ti jà nínú oṣù Ẹrẹ̀nà, n kò tíì rí ọ̀kankan.”

“Ẹ ò sì sọ fún àwọn tó ni ín?”

“Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pè mí láti Èkó. Wọ́n á ní, ‘Bàbá, ṣé iná ojú ẹ̀rọ ń tàn?’ Màá ní ó ń tàn. Wọ́n á ní ó dáa bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì pa fóònù. Ohun tí wọ́n bi mí ni mo dáhùn.”

Ọ̀rọ̀ yìí ya Mopélọ́lá lẹ́nu. Ó gba ẹ̀yìn ẹ̀rọ lọ. Wáyà ńlá tó ti ara òpó wá ti já, koríko ti bò ó mọ́lẹ̀. Kí ló wá ń tan iná? Ó tọ wáyà tín-ín-rín kan lọ títí dé orí òrùlé, ó sì bá páńẹ́ẹ̀lì kékeré kan tó ń gba agbára lára oòrùn.

Bàbá pariwo, “Àṣé oòrùn ni mo ń jẹ́rìí sí láti oṣù méjì!”

Aránṣọ kan lódìkejì ọ̀nà ló ṣàánú wọn, tó na wáyà láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wá. Iná náà ń kán wọnú ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni Mopélọ́lá tó kúrò níbẹ̀, òròmọdìẹ mọ́kànlá sì ti kú.

Nígbà tí wọ́n pe Bàbá láti Èkó lọ́jọ́ kejì, tí wọ́n bi í bóyá iná ń tàn, ó ní, “Ẹ bi mí bóyá ọkọ̀ ń gbaná.” Wọ́n bi í, ó sì sọ ohun tí Mopélọ́lá rí fún wọn. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò parí tí wọ́n fi wá so wáyà náà.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà awakọ̀ fi ń pa á lówe pé, iná ojú ẹ̀rọ kì í gbé ọkọ̀ délé.